Àmì Kan Lórí O

Ilé wa létí odò,
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kejì

Ọmọ ọmọ mi, Akọ̀wé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Tiwa kò burú, àfi omi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ẹnikẹ́ni kò bá mi kọ ọ́. Bí o bá rí ibi tí bírò ti ràn, òógùn ọwọ́ ni, kì í ṣe àìmọ̀. Mo sì ti sọ fún ọ pé kí o yé pè mí lórí fóònù. Ohùn a máa fò lọ, ìwé a máa dúró. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní kíláàsì àgbà, tí ìbàdí ń dùn mí, kì í ṣe torí kí n lè máa pariwo "ṣé o ń gbọ́ mi?" sínú fóònù.

Omi odò wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kà á dáadáa: nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe. Láyé ìgbà náà, bí mo bá sá kákí àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ní àárọ̀ oṣù kejì, ó ti gbẹ kí oòrùn tó dé àtàrí. Nísinsìnyí mo ń sá yẹ̀rì kan fún ọjọ́ méjì, ó ṣì ń rùn bí ẹnu ajá. Mo mọ̀ pé nǹkan ti yí kí àwọn tó ń wọ táì tó mọ̀.

Àwọn tó ń wọ táì náà ti dé báyìí. Ìjọba rán òfíṣà kan sí wa, a sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́. Ó gbé ọkọ̀ ńlá kan wá, ó fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ tó ń kù fún wákàtí méjì gbáko kí inú rẹ̀ lè máa tutù dè é. Ó wá bọ́ sílẹ̀, ó nu iwájú orí, ó ní èéfín igi tí a fi ń dáná ló ń ba ojú ọ̀run jẹ́. Télọ̀ tó ń gbé ilé àkọ́kọ́ létí odò bi í pé, "Ọ̀gá, èéfín tó ń jáde nídìí mọ́tò yín yìí ńkọ́? Ṣé ojú ọ̀run mìíràn ni tirẹ̀ ń lọ?" Ó ní ká má mú ọ̀rọ̀ òṣèlú wọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó já páálí kan, ó pín fèrè. Fèrè, ọmọ mi. Fèrè oníke pupa, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí omi bá ti ń bọ̀, ká fọn ọ́n. Mo ní, "Ta ni yóò gbọ́?" Ó ní, "Àwọn aládùúgbò yín, Màmá." Mo ní, "Aládùúgbò tí omi ti mu dé ọrùn, tí òun náà ń fọn tirẹ̀?" Ó na fèrè sí ẹni tó kàn. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́, àwọn èèyàn tiẹ̀ ń tò láti gbà á. Wọ́n máa ń sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìjọba tiwa yìí kò pa ẹ̀tẹ̀, kò pa làpálàpá, ó pín fèrè fún àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìwé kan tẹ̀lé fèrè, ìwé náà ni mo sì torí rẹ̀ kọ̀wé sí ọ. Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́ kò fẹ́ kà á fún wa, ó ní ká ṣáà máa tẹ̀ka. Mo ní ní òpópónà tí èmi wà, ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀ka sí ohun tí a kò kà. Télọ̀ ti kọ́kọ́ gbà á, ó kà á pé "ojú agbára," ó ní iná mànàmáná ni wọ́n fẹ́ gbé wá. Mo ní, "Jókòó. Àgbàrá ni, kì í ṣe agbára." Mo wọ gíláàsì mi, mo gun orí àpótí. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni mo dà á kọ yìí:

"Awa olugbe opopona yii, a o beere oju agbara. A o beere odi leti odo. A o gba ile titun lori oke. Eni ti o ba fe yi oro re pada ni osu meta lati se bee."

Mo kà á sókè: a ó béèrè ojú àgbàrá, a ó béèrè odi, a ó gba ilé tuntun. Gbogbo òpópónà pàtẹ́wọ́. Ilé mẹ́tàlélógójì ni wá, ìwé mẹ́tàlélógójì. Àwọn yòókù tẹ̀ka, èmi nìkan ni mo fi bírò kọ orúkọ mi. Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́ wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ mọ̀wé o." Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì oṣù yìí ni. Láti ọjọ́ náà, Màmá Òǹkàwé ni wọ́n ń pè mí.

Bá mi fi ìwé atúmọ̀ èdè tó nípọn ránṣẹ́. Sọ bí àwọn ìjọba ọ̀dọ̀ yín ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ omi yìí fún mi. Kí sì ni iṣẹ́ tí o ń ṣe gan-an? Bàbá rẹ ní o ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Jíjókòó kì í ṣe iṣẹ́.

Èmi ìyá bàbá rẹ, tó mọ̀wé.


Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Màmá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà. Ẹ kú ìnira omi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín nígbà mẹ́ta, mo sì rẹ́rìn-ín fèrè débi pé ẹni tá a jọ ń gbé yàrá béèrè bóyá ara mi dá.

Iṣẹ́ mi rèé, ẹ má bàa sọ pé mo fi pamọ́: ilé-iṣẹ́ tí mo wà máa ń túmọ̀ ìwé fún oríṣiríṣi ìjọba. Wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ ní èdè òyìnbó, a ó yí i sí èdè àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ kó kà á. Tiwa ló wà lọ́wọ́ mi. Wọn kì í sọ ibi tí ìwé ń lọ fún wa. Bí wọ́n bá ti san owó, ìwé á lọ.

Ẹ béèrè bí àwọn ìjọba ṣe ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n yá mi lọ síbi ìpàdé ńlá wọn láti máa túmọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò níbẹ̀, Màmá. Wọ́n fi ẹ̀rọ mú gbọ̀ngán náà tutù débi pé kóòtù la wọ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ooru. Ọjọ́ kìíní, wọ́n kí ara wọn. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, wọ́n jà lórí bóyá kí wọ́n kọ "a ó dín èéfín kù" tàbí "a ó gbìyànjú láti dín in kù." Ọjọ́ kẹrin, wọ́n fẹnu kò sí "a ó ronú nípa gbígbìyànjú," wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú àádọ́sàn-án, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú èéfín tirẹ̀. Ọ̀gá kan láti ìlú wa dìde níbẹ̀, ó gbé àyà síwájú, ó ní àwọn tó ń gbé etí odò lọ́dọ̀ wa ní ìfaradà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba, òun sì ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí. Wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀.

Ìwé atúmọ̀ èdè ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ìwé tí ẹ dà kọ fún mi yẹn, ṣé bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nìyẹn, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀? Àbí ẹ̀yin lẹ yọ àmì náà kúrò nítorí ìkánjú? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹta

Akọ̀wé,

Ara mi le. Inú mi ni kò dùn.

Mo ní ìkánjú, àbí? Èmi ni mo yọ àmì kúrò? Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà máa ń dá ìwé padà fún ẹni tó bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo. Ó ti dá tèmi padà nígbà mẹ́sàn-án ní ọdún àkọ́kọ́, ó ní, "Màmá, ìgbá lẹ kọ, igbá lẹ fẹ́ gbé." Láti ìgbà náà n kò fi àmì sílẹ̀ rí. Bí ìwé náà ṣe wà ni mo dà á kọ fún ọ: ó wà níhòhò bí adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tán. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀wé, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀wé, ẹni tó sanwó fún un ló gọ̀ jù. Bóyá ọ̀lẹ kan ni, tó jókòó síbì kan, tí wọ́n ń fún ní owó oṣù láti máa kọ èdè ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ rí. Ibi tó bá wà, kí ìtìjú bá a níbẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èmi ni mo wà níbẹ̀ láti bá wọn kà á bó ṣe yẹ.

Àwọn òmùgọ̀ wo tiẹ̀ ni ọ̀gá tó dìde ní ìpàdé yín yẹn ń sọ, tí omi ń gbé wọn lọ tí wọn kò béèrè nǹkan kan? Àwọn kan wà tí wọ́n á gbé àpò ìyà kọ́ èjìká, tí wọ́n á tún máa kí ẹni tó dì í fún wọn. Kì í ṣe àwa. Àwa ní a ó béèrè, ó wà nínú ìwé.

Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́ tún wá pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ní ká dúró létí odò, ká máa rẹ́rìn-ín. Mo ní ìgbà wo ni gọ́tà ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìwé yín ti dé òkè." Òkè wo, kò sọ.

Nítorí gọ́tà tó ń bọ̀, àwọn ọkùnrin ti dẹ́kun kíkó yanrìn sínú àpò. Télọ̀ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹpẹ tó gbé wọn sí nítorí omi, ó ti gbé wọn padà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé lókè ibẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé ibi ìtẹ̀. Ó ní, "Bí Màmá Òǹkàwé bá ti kà á, ó ti kà á." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi lọ.

Ìwé atúmọ̀ èdè dé. Ó nípọn. Mo fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nígbà tí n kò bá kà á.

Ìyá bàbá rẹ, tí kì í kánjú.


Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹrin

Akọ̀wé,

Ṣé o wà láyé? Lẹ́tà mi lọ láti oṣù tó kọjá, ìwọ tí o ní kí n dá ọ lóhùn kíákíá. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé o ti dàgbà ju ẹni tó ń kọ̀wé sí arúgbó lọ, sọ ìyẹn náà. Bàbá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé iṣẹ́ pọ̀. Ìgbà tí mo ń fọ aṣọ ilé mẹ́rìnlá lóòjọ́, mo ṣì ń rí àyè gbọ́ ẹjọ́ rẹ lórí gbogbo ọmọ tó bá lù ọ́.

Ìkùukùu ti ń ṣú láti ìhà odò. Òjò ọdún yìí kò ní ṣeré.

Èmi ni.


Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹrin

Màmá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀, n kò sì ní dìde títí ẹ ó fi kà á tán. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní àná. Ẹ gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ní, "Kọ ọ́," ẹ sì pa á. Mo wá kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n fi ìránṣẹ́ kíákíá gbé e, torí ọjọ́ ń lọ.

Èmi ni ọ̀lẹ tí ẹ bú. Èmi ni mo túmọ̀ ìwé yẹn.

Ó dé orí tábìlì mi ní oṣù kọkànlá, láìsí orúkọ òpópónà kankan lórí rẹ̀. Mo fi àmì sí i nígbà tí mo kọ ọ́. Ẹ̀rọ wọn sọ gbogbo àmì náà di àpótí kéékèèké. Ọ̀gá mi ní, "Yọ ọ́ kúrò, àwọn èèyàn yín á mọ ohun tó túmọ̀ sí." Aago mẹ́rin ti lù, mo ti gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo rò pé kò sí ẹni tó máa kà á.

Màmá, kì í ṣe "a ó." "A ò" ni. Ohun tí òyìnbó kọ ni pé àwa olùgbé òpópónà yìí kò béèrè ojú àgbàrá, a kò béèrè odi, a kò gba ilé tuntun. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ẹnikẹ́ni kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kò sí gọ́tà mọ́ láéláé, ẹ ò sì lè mú ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́, torí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́. Ìwé tí ọ̀gá yẹn gbé sókè nínú ìpàdé náà, irú rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín àkọ́kọ́, mo ti dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Mo ní bóyá ẹ̀yin lẹ yọ àmì kúrò. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin.

Ẹ ó béèrè ohun tó dè mí lọ́wọ́ fún oṣù kan. Mo búra ní ilé-iṣẹ́ yìí pé n kò ní sọ ohun tó wà nínú ìwé oníbàárà kankan síta. Ìwé ìgbélùú mi so mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù bà mí. Ní alaalẹ́ mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n á gbẹ́ gọ́tà náà bó pẹ́ bó yá. Kò sí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ni ó máa pé. Ẹ gba ìwé yẹn padà kó tó pé. Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n, ẹ fi hàn wọ́n.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Karùn-ún

Akọ̀wé,

N kò kí ọ, o sì mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ fọ ìkòkò tó ti mọ́. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ni í bá. Ìwọ sọ ọ́ láti ibi tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀, ó sì dé orí ìyá bàbá rẹ gẹ́lẹ́. Nítorí báàgì. Nítorí aago mẹ́rin. Ọmọ tí mo kọ́ pé kó má fi ọ̀rá ọṣẹ sílẹ̀ lára aṣọ aláṣọ, ìwọ lo fi àmì sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èèyàn.

Mo pe òpópónà jọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Mo tún gun orí àpótí kan náà. Mo ní, "Mo ṣi ìwé yẹn kà." Mo ní, "O tí mo kà sókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ." Mo ṣàlàyé rẹ̀. Télọ̀ wò mí títí, ó ní, "Màmá Òǹkàwé, ẹ kà wá sínú omi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá onídìrí tó wà lódìkejì ní, "Ta ló sọ fún yín?" Mo ní, "Ìwé ló sọ fún mi." N kò dárúkọ rẹ. Lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Má rò pé ìfẹ́ ni, ìtìjú ni. N kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé inú ilé mi ni aláìlámì náà ti jáde.

Bí mo bá ní kí Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́ wá nítorí pé a fẹ́ yí ọ̀rọ̀ wa padà, yóò ṣàìsàn títí ọjọ́ á fi kọjá. Mo ní kí ọlọ́kadà lọ sọ fún un pé a fẹ́ fún un ní ìwé ẹ̀yẹ, kó gbé àwọn ìwé wa dání ká lè fi yàwòrán. Ó dé kí omi ìfọṣọ mi tó hó. Ó wọ táì tuntun.

Mo ní, "Ọ̀gá, àmì ló kù lórí ìwé wa. Ẹ bá wa fi sí i."

"Àmì wo, Màmá?"

"Ti orí o yìí. Ẹ mú bírò yín, ẹ fà á, ká mọ̀ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó túmọ̀ sí."

Télọ̀ ní, "Bí gbogbo èèyàn bá mọ̀ ọ́n, kò ní nira láti kọ. Ìlà kan ni."

Ó mú bírò. Mo rí i, ó gbé e sórí ìwé náà ní tòótọ́. Bó bá fà á sókè, ó ti fi ìjọba sínú gọ́tà. Bó bá fà á sísàlẹ̀, ojú gbogbo òpópónà ló ti fà á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ mọ́. Ó wá ní, "Èmi ò ní àṣẹ lórí àmì."

Mo ní, "Nínú ìjọba yín, ta ló ní àṣẹ lórí rẹ̀? Ṣé mínísítà ni?"

Ó ní òun máa lọ wádìí. Mo ní kó wádìí dáadáa, kó fi ìwé náà sílẹ̀ kó tó lọ. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe ilé ìtẹ̀wé. Ìjọba tó lè sọ bí òjò yóò ti rọ̀ ní àádọ́ta ọdún sí i, kò lè sọ ohun tó wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Olùkọ́ wa ti kọ ìlà méjì sílẹ̀ de ọ̀gá náà: pé ìwé mẹ́tàlélógójì padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín lónìí, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, àti pé kò sí ohun tí a gbà mọ́. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, ó fọwọ́ sí i. Kò gba ìwé ẹ̀yẹ. Kò sì sí ìwé ẹ̀yẹ.

Gọ́tà kò sí. Àwọn ọkùnrin ti padà sídìí àpò yanrìn. Télọ̀ kì í pè mí ní Òǹkàwé mọ́, Màmá lásán ni mo jẹ́.

Jẹun.

Èmi ni.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Karùn-ún

Màmá mi àgbà,

Ẹ ṣeun tí ẹ ní kí n jẹun. Mo jẹun.

Ìwé yẹn tún padà wá sórí tábìlì mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òpópónà méje mìíràn létí odò ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe é bíi ti àkọ́kọ́. Mo ní n kò ní ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Ó ní ẹ̀rọ kò gba àmì. Mo ní èmi ní bírò. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi bírò dúdú fa àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò, a ò, a ò, ó gbọn-in gbọn-in débi pé afọ́jú á fọwọ́ bà á mọ̀. Mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra mi. Aago mẹ́fà kọjá kí n tó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n lé mi ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìwé náà ti lọ tán. Oníbàárà kò fẹ́ àmì, ni wọ́n sọ. Wọn kò fẹ́ kó hàn. Oṣù méjì ló kù lórí ìwé ìgbélùú mi. Bí n kò bá rí iṣẹ́ mìíràn, ẹ ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

N kò bẹ̀bẹ̀ kí ẹ dárí jì mí. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà

Ọmọ ọmọ mi, Akọ̀wé,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé wọ́n san owó iṣẹ́ tí o ti ṣe fún ọ kí wọ́n tó lé ọ? Ẹni tí wọ́n bá lé nítorí pé ó kọ ọ̀rọ̀ dáadáa, wọn kò lé e kúrò níbi rere.

Òjò ti dé. Omi wọ ilé Télọ̀ dé orúnkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì ti wà lórí pẹpẹ. Ilé tèmi, omi dé àtẹ̀gùn kejì, ó wò mí, mo wò ó, ó padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. A pàdánù ògiri ilé méjì. Kò sí òkú. Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́ kò wá wò wá, wọ́n ní ó lọ sí ìpàdé lókè òkun lórí ọ̀rọ̀ òjò.

Ìwé rẹ dé òpópónà méje náà. Olùkọ́ wa ló lọ wò ó. Ó ní àwọn tí kò mọ̀ ju orúkọ ara wọn lọ ń fi ìka tọ àmì náà, wọ́n ń ní, "Ó ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní a ò béèrè." Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ka. Mo gbọ́ ọ, mo sì ní kó tún un sọ.

Àwa náà ti wá kọ ìwé tiwa. Kíláàsì àgbà kún débi pé àwọn kan ń kọ̀wé lórí ìdúró. Gbogbo ilé mẹ́tàlélógójì ló fọwọ́ kọ orúkọ, kò sí ìka kankan níbẹ̀. Orúkọ Télọ̀ gba odindi ìlà kan, ó sì yọ sí etí ìwé. Nígbà tó parí rẹ̀, ó na ìwé náà sí mi níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ kà á fún wa, Màmá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì:

"Àwa olùgbé òpópónà yìí, a ó béèrè ojú àgbàrá. A ó béèrè odi létí odò. A ó béèrè lónìí, a ó sì béèrè lọ́la, títí ẹ ó fi dáhùn."

Ó wà nínú àpò yìí pẹ̀lú lẹ́tà mi. Yí i sí èdè àwọn tó ń ṣèpàdé níbẹ̀ yẹn, kí o sì gbé e dé ọwọ́ wọn fúnra rẹ kí ìwé ìgbélùú rẹ tó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá fẹ́ máa bọ̀ nílé, máa bọ̀. Yàrá rẹ kò jò.

Bí èdè wọn bá ní àmì, má fi ọ̀kan sílẹ̀. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sọ pé òun kò mọ ohun tí a ń béèrè.

Èmi ìyá bàbá rẹ.